Omi Kan Náà: Bí Odò Àfọwọ́gbẹ́ Bridgewater Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀tá awakùsà ni omi. Bí wọ́n bá ti ń wa èédú jìnnà sínú ilẹ̀, omi á máa sun, kòtò á kún, iṣẹ́ á dúró. Ìyọnu yìí ló bá Francis Egerton, Dúúkù kẹta ti Bridgewater, fínra ní Worsley, lẹ́bàá ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èédú pọ̀ nínú ilẹ̀ tó jogún, àmọ́ ẹ̀yìn ẹṣin ni wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́jà, owó ẹrù sì ń jẹ èrè run.

John Gilbert, alábòójútó ilẹ̀ Dúúkù, ni wọ́n sábà máa ń kan sáárá sí fún ọgbọ́n tó tẹ̀ lé e. Wọn ò ní da omi inú kòtò nù mọ́: wọn á gbẹ́ odò wọ inú òkè lọ, omi tó ń yọ awakùsà lẹ́nu á ṣàn bọ́ sínú rẹ̀, á sì gbé èédú jáde. Ọdún 1759 ni ilé aṣòfin fún Dúúkù láṣẹ láti gbẹ́ odò náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 23 nígbà náà.

James Brindley ni wọ́n ké sí, ọmọ Derbyshire tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ẹ̀rọ ọlọ. Agbára káká ló fi ń kọ̀wé, orí ló fi ń ṣe ìṣirò. Bí ọ̀ràn bá ta kókó, á lọ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn títí ojútùú á fi dé. Odò Irwell dábùú ọ̀nà wọn ní Barton, ó sì kọ́ afárá tí odò tuntun náà gbà kọjá lókè odò ti tẹ́lẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ni kò jẹ́ kó jò. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ po amọ̀ ilé á mọ̀ pé ọgbọ́n yẹn kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1761, ọkọ̀ kọjá lórí afárá náà.

Nínú òkè Worsley, àwọn odò abẹ́ ilẹ̀ ń gùn sí i títí wọ́n fi lé ní kìlómítà 70. Ọkọ̀ tóóró ló ń rìn nínú wọn. Igi ara wọn yọ síta bí egungun ìhà, làwọn èèyàn bá fi orúkọ ẹni tí ebi ń pa pè wọ́n.

Ibi tó wú mi lórí jù ni Castlefield, níbi tí odò náà parí sí ní Manchester. Ìsàlẹ̀ òkè olókùúta ni omi dé, orí òkè sì ni àwọn oníbàárà wà. Brindley gbẹ́ ihò wọ inú òkè, ọkọ̀ wọlé tààrà, ihò mìíràn sì gba òkè lọ sí títì. Omi odò Medlock ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá kan, kẹ̀kẹ́ náà sì ń fa àpótí èédú sókè. Omi ló gbé ẹrù dé ibẹ̀, omi náà ló sì tún gbé e sókè. Iye owó èédú wálẹ̀ dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìkẹ́rùsí dúró síbẹ̀, tí ọkọ̀ ń wọ inú ikùn rẹ̀. Bí odò ṣe dé Runcorn, létí odò Mersey, ní ọdún 1776, òwú láti Liverpool gba ibẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ òwú yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló já a; ẹ má jẹ́ ká yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn yìí. Ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ omi kò sì tètè kú: ní ọdún 1824, wọ́n ṣe irú rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ fún ilé ìkẹ́rùsí Dale Street ní Manchester, létí odò àfọwọ́gbẹ́ Rochdale.

Wọ́n wó ilé ti Castlefield ní ọ̀rúndún 20, kí wọ́n tó tún apá kan rẹ̀ kọ́, kẹ̀kẹ́ omi sì wà níbẹ̀. Ní Worsley, wọn kò wa èédú mọ́, ṣùgbọ́n irin inú òkè ṣì ń bá omi jáde, ó ń pa odò láró bí àwọ̀ ọsàn.