Ẹ rà á àbí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́? Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà fún oníṣòwò

Ká ní kòkó lẹ ń rà ní Àkúrẹ́. Àgbẹ̀ kan já àpò mẹ́rin sílẹ̀ láti Ìdànrè. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀rinrin rẹ̀ wò, torí àwọn tó ń kó kòkó lọ sókè òkun kì í fẹ́ kó ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Kò gbẹ tó, ẹ bá yọ kílò mélòó kan kúrò. Ẹ tún yọ owó tí ẹ yá a nígbà tó fẹ́ ra oògùn kòkó, ẹ wá san ìyókù. Inú ìwé kan tó ti ń já ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ sì fẹ́ kó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ lè ra sọ́fítíwíà tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, irú QuickBooks tàbí Sage tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Ẹ ó máa san owó oṣù tàbí ti ọdún, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni yóò máa tún un ṣe. Ẹ sì lè ní kí ẹnì kan kọ tiyín lọ́tọ̀, bí ẹ ṣe ń ṣòwò gan-an. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà nílùú, ẹni tó lè kọ ọ́ kò wọ́n.

Lójú tèmi, ohun tí gbogbo oníṣòwò ń ṣe bákan náà, ẹ rà á. Owó oṣù òṣìṣẹ́, owó tó wọlé, owó tó jáde: ẹlòmíràn ti ṣe é kó tó kàn yín. Ṣùgbọ́n QuickBooks kò mọ kílò tí ọ̀rinrin jẹ, kò sì gbọ́ nípa gbèsè tí wọ́n ń fi kòkó san. Ibẹ̀ ni kíkọ tiyín lọ́tọ̀ ti wúlò.

Owó ńkọ́? Dọ́là ni wọ́n fi ń ta púpọ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀. Oṣù kẹfà 2023 ni báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì kọjá ₦1,400 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ ń fi 30 dọ́là san lóṣù, tí kò tó ₦15,000, wá kọjá ₦42,000. Ẹ kò sì tíì ta àpò kan lé e.

Kíkọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Báńkì á yí ọ̀nà ìsanwó padà, àṣìṣe á yọjú láàárín ìgbà kòkó gan-an, ọmọ tó kọ ọ́ á sì ti jápa. (Wọ́n máa ń jápa ṣáá ni.) Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ (Copyright Act) ti 2022, ẹni tí ẹ gbéṣẹ́ fún, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, òun ló ni kóòdù náà (ohun tó kọ tí sọ́fítíwíà fi ń ṣiṣẹ́), àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ kọ ọ́. Ẹ sì gba kóòdù náà sọ́wọ́ kí ẹ tó san ìyókù owó.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Sọ́fítíwíà òwò kan tó ń jẹ́ Odoo ní ẹ̀dà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Ẹ lè fi ṣe rírà, títà àti ọjà inú ilé ìkẹ́rù, kí ẹnì kan wá kọ ti ọ̀rinrin àti owó yíyá nìkan kún un. Oníkòkó ni mo rò pé èyí bá mu jù.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí orúkọ àwọn àgbẹ̀ yín àti gbèsè ọrùn wọn yóò ṣe jáde sínú Excel lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.