Rẹ́kọ́ọ̀dù tíìmù U20 nínú rọ́gbì: kí ló túmọ̀ sí, báwo la sì ṣe ń kà á?

Ẹ bá mi wo nǹkan kan ná. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n to àbájáde Junior Springboks, ìyẹn tíìmù rọ́gbì àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà, sí nínú ìdíje àgbáyé U20 láti 2008, ohun tó máa kọ́kọ́ kọjú sí yín ni ipò kẹta, ipò kẹta, ipò kẹta, ipò karùn-ún, ife, ipò kẹta, ipò kejì, ipò kẹta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á wò ó fìrí, á ní áà, tíìmù tí kì í lè parí iṣẹ́ rèé. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ ọ, torí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ka rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ọmọ bí ìgbà tó ń ka ti àwọn àgbà ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú U20 yẹn fúnra ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó máa gbá a ò gbọ́dọ̀ tíì ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí gémù bá bọ́ sí ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí, ọdún tí wọ́n bí èèyàn ni wọ́n ń wò. Ìdíje ọdún 2025 fún àpẹẹrẹ, ẹni tí wọ́n bí ní 2005 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ló láṣẹ. Ìpẹ̀kun June ni ìdíje yẹn bẹ̀rẹ̀, torí náà ọmọ tí wọ́n bí ní February 2005 ti ṣe ọjọ́ìbí ogún ọdún tipẹ́ kó tó wọ pápá, kò sì sí màgòmágó kankan níbẹ̀. Mo sọ èyí torí gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí ẹni tó ń pariwo pé "ọmọ ogún ọdún ni, kí ló ń wá níbẹ̀?"

Ibi tí òfin ọjọ́ orí yẹn wá kan rẹ́kọ́ọ̀dù nìyí: ọ̀pọ̀ ọmọ, ọdún kan péré ni wọ́n ń lò nínú tíìmù náà, àwọn kan lo méjì, ẹni tó bá lo mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn ti dáńgájíá láti kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn ti tì. Tíìmù àgbà lè kó àwọn èèyàn kan náà jọ fún ọdún mẹ́jọ, kí wọ́n mọ ara wọn bí ẹni mọ owó, kí wọ́n pàdánù ife kan kí wọ́n padà wá gbà á. Tíìmù U20, bí ọdún bá ti yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n á tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un kọ́ ni, ẹ̀wù àti orúkọ ló kù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wales, kò sí àpẹẹrẹ tó dáa jù ú lọ. Lọ́dún 2011 ní Ítálì, New Zealand na Wales ní 92-0. Mo ní òdo. Nígbà yẹn New Zealand ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì gba ìkẹrin lọ́dún yẹn, ogún gémù láìpàdánù ẹyọ kan. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ní Gúúsù Áfíríkà, Wales na New Zealand ní 9-6. Wales kan náà, New Zealand kan náà! Tí ẹ bá ka rẹ́kọ́ọ̀dù wọn bíi ti àgbà, ẹ ò ní rí bó ṣe lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rántí pé ọmọ míì ti wọ ẹ̀wù náà ní ìhà méjèèjì, ó ti yé yín nìyẹn. New Zealand sì san án padà ní sẹ̀mí, ìyẹn ìpele tó ṣáájú fáínàlì, lọ́dún yẹn kan náà, 30-6.

Ó yẹ kí n sọ bí ìdíje náà ṣe rí kí ẹni tí ò wò ó rí lè bá mi lọ. Ṣáájú 2008, méjì ni wọ́n ń ṣe, ti U19 lọ́tọ̀, ti U21 lọ́tọ̀, kí àjọ tó ń darí rọ́gbì lágbàáyé (IRB ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, World Rugby ló ń jẹ́ báyìí) tó pa méjèèjì pọ̀ di U20. Gúúsù Áfíríkà gba ti U21 ní 2002 àti 2005, ìwé ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọn kì í kà á mọ́ ti U20. Tíìmù 16 ló gbá méjì àkọ́kọ́, láti 2010 dé 2025 ó jẹ́ 12, bó sì ṣe rí nígbà yẹn nìyí. Gúrúùpù mẹ́ta, tíìmù mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó ṣíwájú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan tó dáa jù nínú àwọn tó ṣe ìkejì, àwọn mẹ́rin yẹn ló ń lọ sẹ̀mí, àwọn yòókù á lọ máa jà fún ipò karùn-ún dé ìkejọ, tàbí ìkẹsàn-án dé ìkejìlá. Ẹni tó bá ṣe ìkejìlá sábà máa ń já bọ́ sí ìdíje kejì tí wọ́n ń pè ní Trophy, ẹni tó bá gba Trophy á gòkè wá rọ́pò ẹ̀. Ítálì gba Trophy yẹn ní 2010, ó tún gbà á ní 2013, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín méjèèjì nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ètò yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n ń lé lọ sílé lẹ́yìn gúrúùpù. Gémù márùn-ún ni gbogbo wọn ń gbá, torí ìdí tí wọ́n fi kó wọn jọ ni kí àwọn ọmọ lè gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ipò kẹta kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi tu èèyàn nínú, ẹni tó ṣe ìkẹta jáwé olúborí nínú gémù tó gbá kẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti sunkún fún sẹ̀mí tó pàdánù. Ní 2013 àti 2018, New Zealand ni Gúúsù Áfíríkà nà láti gba ipò kẹta, 41-34 àti 40-30.

Tó bá wá di pé ká ka tébùlù, lẹ́tà P ni iye gémù tí wọ́n gbá, W ni èyí tí wọ́n yege, D ni ọ̀mì, L ni èyí tí wọ́n pàdánù. Pọ́ìntì mẹ́rin fún ẹni tó bá yege, méjì méjì tí wọ́n bá ta ọ̀mì. Ibi tó ń da àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láàmú ni bónọ́ọ̀sì: tí tíìmù bá gba tráì (ìyẹn kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà alátakò kó sì fi kanlẹ̀) mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní ẹyọ kan sí i, bó yege bí kò yege, ẹni tó bá sì pàdánù pẹ̀lú pọ́ìntì méje tàbí tí ò tó bẹ́ẹ̀, òun náà á gba ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí tíìmù tó pàdánù tí wọn ò sì yé sáré, tí wọ́n ń forí fọrùn ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn fún tráì kan tí ò lè gba gémù náà sílẹ̀ mọ́, ẹyọ kan yẹn lè jẹ́ òun ló máa gbé wọn dé sẹ̀mí.

Mo fẹ́ kí ẹ wo lẹ́tà L yẹn dáadáa. Ní 2012, Gúúsù Áfíríkà ló gba àlejò ìdíje, gémù àkọ́kọ́ gan-an ní Stellenbosch, Ireland nà wọ́n ní 23-19, níwájú èèyàn wọn. New Zealand náà ti pàdánù sọ́wọ́ Wales bí mo ṣe sọ. Àwọn méjèèjì tí wọ́n ti jẹ ìyà nínú gúrúùpù yìí ló pàdé ní fáínàlì ní Newlands, Cape Town, Gúúsù Áfíríkà sì gbà á ní 22-16, ife U20 àkọ́kọ́ wọn. L kan nínú gúrúùpù kò tíì ba nǹkan kan jẹ́.

Báyìí, ìṣirò gbogbo ẹ̀. Láti 2008 dé 2025, ìdíje 15 ló wáyé. Gúúsù Áfíríkà gba ife lẹ́ẹ̀mejì, 2012 àti 2025, ipò kejì lẹ́ẹ̀kan, ipò kẹta lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọn ò sí nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́: 2011, 2016 àti 2024. New Zealand gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà, England lẹ́ẹ̀mẹrin, Faransé lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, 2018, 2019 àti 2023. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín 2019 àti 2023 yẹn tàn yín jẹ o, kòrónà ló gbé ọdún mẹ́ta yẹn lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 2001 àti 2002, ìgbà tó yẹ kó kàn wọ́n ni pápá wà ní títì, kò sì sí ẹni tó lè dá ọdún yẹn padà fún wọn. Tí mo bá rí àlàfo yẹn nínú tébùlù, àwọn ni mo máa ń rò.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ipò kẹta, lójú tèmi, ohun tó ń sọ ni pé ilé ẹ̀kọ́, kíláàbù àti àwọn kóòṣì ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún. Ọmọ tuntun lọ́dọọdún, kóòṣì ń yí padà, síbẹ̀ wọn kì í kúrò níwájú. Kì í ṣe orí ire lásán nìyẹn. Ọdún 2024, lórí ilẹ̀ tiwọn, wọn ò dé sẹ̀mí, gbogbo èèyàn bínú. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ní Ítálì, wọ́n na Austrálíà ní 73-17, wọ́n na England ní 32-22, wọ́n sì na New Zealand ní 23-15 ní fáínàlì ní Rovigo.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kejì tún wà tí tébùlù ò gbé jáde, òun sì ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá: ta ló kọjá níbẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà? Tíìmù 2011 tó ṣe ipò karùn-ún, Siya Kolisi wà níbẹ̀, Eben Etzebeth wà níbẹ̀. Kolisi yẹn ló wá di balógun tó gbé ife àgbáyé àwọn àgbà sókè ní 2019 àti 2023, Etzebeth wà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà méjèèjì. Ẹni tó bá ka 2011 sí ọdún òfo kò tíì wo orúkọ.

Tàbí ká mú Handré Pollard. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n gba ti 2012, ó gbá 2013, ó sì jẹ́ balógun ní 2014. Ọdún yẹn ní New Zealand, wọ́n na onílé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje kan, 33-24 ní gúrúùpù, 32-25 ní sẹ̀mí, kí wọ́n tó wọ fáínàlì pẹ̀lú England ní Eden Park, Auckland. Wọ́n pàdánù ní 21-20. Nínú rọ́gbì, kò sí ohun kan tó ń jẹ́ pọ́ìntì ẹyọ kan, tráì jẹ́ márùn-ún, ìgbásókè lẹ́yìn tráì jẹ́ méjì, pẹ́nárítì jẹ́ mẹ́ta, torí náà ẹni tó bá fi ẹyọ kan pàdánù á máa ro gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá lọ́jọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún Pollard ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ tó dáa jù lágbàáyé lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ife bá England lọ.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ife àgbáyé àwọn àgbà ní Faransé, Pollard ò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú, àárín ìdíje ni wọ́n ránṣẹ́ pè é nígbà tí Malcolm Marx, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú, fara pa. Fáínàlì, October 2023, New Zealand ló wà níwájú wọn. Pẹ́nárítì mẹ́rin, Pollard ló gbá gbogbo ẹ̀ wọlé, pọ́ìntì 12. New Zealand ní 11.