Kí ló dé tí wọ́n fi ń wádìí èèyàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó kọ́ ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ń lọ sí England

Ọdún méjì ni mo fi gbé ní Manchester. Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú, inú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni mo máa ń wà, ní iléèwé kan tí kò jìnnà sílé wa, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Látìgbà tí mo ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn tó ń múra àtilọ ti ń da ìbéèrè bò mí. Àwọn tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Òfin England ni mo ń sọ o; Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, o jí nínú òtútù, o wọkọ̀, o lọ ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni wọ́n fún ọ jẹ?

Ìyá mi ní Òdógbolú ló bi mí bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Àwa náà mọ iṣẹ́ tí kò lówó nínú. Ẹni tó bá wá ṣọ̀wẹ̀ fún yín, ẹ ó se oúnjẹ fún un. Ẹni tí ẹ bá jọ ń ṣe àáró, bí ẹ bá ro oko tirẹ̀ tán lónìí, tiyín ló kàn. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ń dáwó, wọ́n ń tún ìlú ṣe, ṣùgbọ́n ìlú wọn ni. Ohun tí kò yé ìyá mi ni pé àwọn ọmọ tí mo ń lọ bá yìí, mi ò mọ bàbá wọn, mi ò mọ ìyá wọn, kò sì sẹ́ni tó máa san àáró náà padà fún mi.

Owó tí èèyàn bá ná, bí owó ọkọ̀, ni iléèwé lè dá padà fún ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń di iṣẹ́ olówó nìyẹn, òfin mìíràn ló sì máa dé bá a. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ gan-an ni pé ilé dá páropáro. Ọkọ mi á ti lọ sí yunifásítì, èmi tí mo ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́fà á wá jókòó ti fèrèsé, n óò máa wo òjò. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọdé. Mo tún fẹ́ kí ẹnì kan rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, torí kò sẹ́ni tó mọ ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní iléèwé gíga àwọn tíṣà ní Ìjagun níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Táì Ṣólàrín tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iléèwé náà, ní Manchester yẹn ló ti kàwé kó tó wá dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956.

Èèyàn fẹ́ ṣoore, wọ́n tún ń lọ wo orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣé ọ̀daràn ni wọ́n pè é ni?

Ibí yìí ló ń dun àwọn èèyàn wa jù, ó sì dun èmi náà kí wọ́n tó là mí lóye. DBS (Disclosure and Barring Service) ni wọ́n ń pe ìwé ìwádìí náà. Iléèwé ló ń bá èèyàn béèrè fún un, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tí kò gbowó. Wọ́n á wo orúkọ ẹni nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ á máa wà pa pọ̀ láìsí ẹni tó ń mójú tó yín, wọ́n á tún wò ó bóyá orúkọ yín wà lára àwọn tí wọ́n ti fòfin dè pé wọn ò gbọdọ̀ bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Ní tèmi, wọ́n tún kọ̀wé sí èèyàn méjì tó mọ̀ mí.

Ìtàn tí wọ́n fi là mí lóye nìyí: ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, wọ́n pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Soham. Ẹni tó pa wọ́n, òun ló ń mójú tó ọgbà iléèwé kan níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ń tú ìwé ni wọ́n rí i pé wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án léraléra lọ́dọ̀ ọlọ́pàá agbègbè tó ti wá, nípa àwọn ọmọdébìnrin, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò dé etí àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Òfin tuntun jáde ní 2006, nígbà tó sì di 2012, wọ́n pa iléeṣẹ́ méjì pọ̀ di èyí tó ń ṣe DBS báyìí.

Ìtàn yẹn ló mú inú mi rọ̀. Mo rántí àwọn jẹ́lé-ó-sinmi wa nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pé òun wá kí àǹtí. Wọn ò ṣe mí ní ibi kankan bí wọ́n ṣe bi mí pé ta ni mí kí wọ́n tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sún mọ́ mi. Ó wù mí kí àwa náà máa béèrè.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: DBS kì í rí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Nítorí náà, iléèwé lè ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wa. Ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ó rọrùn ju kéèyàn wà lókè òkun kó máa bẹ àbúrò pé kó bá òun sáré rẹ̀ l'Ékòó.

Àǹtí, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Ṣé kò ní di ẹjọ́ sí mi lọ́rùn?

Ẹni tó ń ka digírì láǹfààní láti ṣiṣẹ́ fún 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé. Ohun tó ń rú èèyàn lójú ni pé òfin pín iṣẹ́ tí kò lówó sí ọ̀nà méjì. Bí ẹ bá tọwọ́ bọ̀wé, tí wọ́n fún yín ní àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ dé, tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gba ẹlòmíràn síṣẹ́ fún, wọ́n á kà á mọ́ 20 wákàtí náà bí ẹ ò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ lásán, tí kò sí àdéhùn iṣẹ́, tí ẹ ò gba ipò ẹnikẹ́ni, wọn ò ní kà á. Orúkọ méjèèjì, *voluntary work* (èyí tí wọ́n ń kà) àti *volunteering* (èyí tí wọn kì í kà), jọra lédè Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ń ṣì wọ́n pè. Ẹ lọ bi àwọn tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ní yunifásítì yín, kí wọ́n sì fèsì lórí ìwé.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ní Ṣàgámù ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Físà àlejò ló ní. Ó ní ṣé òun lè máa lọ pàlọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ-ọmọ òun àgbà. Òfin gba àlejò láyè láti ran ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́, àròpọ̀ ọjọ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Kì í ṣe gbogbo iléèwé ló wà lábẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, torí náà kí màmá ní kí ọmọ wọn béèrè ná. Òfin físà kì í dúró sójú kan. Ẹ wo gov.uk lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ṣé kíláàsì ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́?

Rárá o. Tíṣà ló ni kíláàsì. Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú ọkàn pé tíṣà àgbà lòun nílé á tètè bínú. Èmi á bá wọn dé bọ́tìnnì kóòtù, n óò fọ ọwọ́ tí ọ̀dà ti kùn, n óò jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa mú ìwé wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kà á sí mi létí.

Ìró lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. *S, a, t, p, i, n* ni ọ̀pọ̀ iléèwé fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé mẹ́fà yìí nìkan ti tó láti to *sit*, *pin* àti *tap*. Ní Ọjọ́rú mi kejì, mo na káàdì *p* sókè, ahọ́n Yorùbá ló sì jáde lẹ́nu mi, bí ẹní fẹ́ pe *pápá*. Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ ètè mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ẹnu, ó pè é, ó sì fa ọwọ́ mi wá kí n lè mọ atẹ́gùn tó jáde. *P* tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣí i pọ̀. Tiwọn, ètè nìkan ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu kí n tó pè é.

Ìgbà tó yá, tíṣà ní kí n sọ ìtàn kan láti ilé. Mo kọ́ wọn pé bí mo bá ní "Ààlọ́ o," kí wọ́n ní "Ààlọ̀," mo wá pa ti ìjàpá fún wọn, torin torin. Wọ́n ti mọ ègbè orin náà kó tó kọjá ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì bọ́ kóòtù tán lẹ́nu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ "Ààlọ́ o!" láti inú kíláàsì. Àwọn ló ń pe èmi.

Bí ọmọ bá ya ìpáǹle ńkọ́? Bó bá ń sunkún?

Wọ́n ti fòfin gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà ní iléèwé ìjọba wọn láti 1987, ẹ má sì gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ rárá. Ọmọ tó ń sunkún, ẹ lè jókòó tì í, ẹ lè di ọwọ́ rẹ̀ mú, níbi tí ojú àwọn yòókù ti tó yín. Ẹ má dá nìkan mú un lọ ilé ìtọ̀. Fóònù á wà nínú àpótí. A kì í ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò.

Èyí tó le jù fún àwa ni ti àṣírí. Bí ọmọ bá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nílé, tó wá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí. Ẹ má bi í ní ìbéèrè tó máa fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ fún ẹni tí iléèwé yàn fún ààbò ọmọ lọ́jọ́ náà. A ti tọ́ wa dàgbà pé ọmọ kì í ru ọ̀rọ̀ ilé jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé.

Ṣé ó máa ń di iṣẹ́ olówó? Ṣé àwa náà lè lọ láti ibí?

Fún àwọn kan, ó máa ń dà á, torí wọ́n á ti rí ẹni tó máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọn. Èmi ò san owó fún aṣojú kankan kí n tó wọlé, ẹ̀yin náà ẹ má san. Ní ti ẹni tó fẹ́ lọ láti Nàìjíríà, ìjọba tiwa ní ètò kan, Technical Aid Corps, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987. Ó ń rán tíṣà, dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ fún ọdún méjì sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific.

Bí mi ò bá lè lọ lọ́sẹ̀ kan, ṣé ó burú? Ọ̀fẹ́ ṣáà ni.

Ó burú. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Ọmọkùnrin kan wà tí kì í kàwé fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kó tó máa wá sọ́dọ̀ mi, á rọra ti ìwé sí mi lórúnkún, á wo ibòmíràn. Ọjọ́rú kan, mo sùn kọjá àkókò, mo sì rò ó pé wọn ò ní ṣàárò mi. Nígbà tí mo dé lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà sọ fún mi pé ó mú ìwé rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Kò sún mọ́ mi lọ́jọ́ náà, kò sì sún mọ́ mi lọ́jọ́ mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó mọ̀ pé Ọjọ́rú ni ẹ máa ń wá.

Bí ẹ bá mọ̀ pé wákàtí méjì lọ́sẹ̀ pọ̀ jù fún yín, ẹ sọ pé wákàtí kan, kí ẹ sì máa wá. Bí ẹ bá ń lọ pátápátá, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Nígbà tó ku oṣù kan kí n padà sílé, tíṣà ya Ọjọ́rú mẹ́rin sára ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a sì ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́ lẹ́yìn ìwé kíkà. Ọmọkùnrin yẹn ló gba gègé lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́rú ìkẹyìn. Ó ní òun lòun máa pa á rẹ́.