Ẹṣin Póòpù, àti ẹni tó máa di ìjánu ẹ̀ mú

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò tí Póòpù ń wọ̀ lóde òní sílẹ̀ ná. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀, ẹṣin funfun tàbí ìbaaka funfun, ọ̀rọ̀ ẹṣin ọ̀hún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín Póòpù àti ọba Jámánì rí. Ẹnikẹ́ni ò jí ẹṣin o. Ìjánu lásán ni, ta ló máa dì í mú.

Ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 754, Póòpù Stephen Kejì sá lọ bá Pippin ọba àwọn Frank pé kó gba òun lọ́wọ́ àwọn Lombard tó ń yọ Róòmù lẹ́nu. Báwọn ará Róòmù ṣe kọ ìtàn náà sínú ìwé, ọba fúnra ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin Póòpù bí ọmọ ọ̀dọ̀. Odidi ọba! Ìwé kan tún wà tó ní Constantine, olú ọba Róòmù ayé àtijọ́, náà ti di ìjánu ẹṣin Póòpù mú nígbà ayé ẹ̀. Ayédèrú gbáà nìwé yẹn, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Lorenzo Valla, ló tú àṣírí ẹ̀ lọ́dún 1440, àmọ́ kó tó tú u, wọ́n ti fi jẹun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ìgbà tó wá di June 1155, Frederick Barbarossa ọba Jámánì ń bọ̀ ní Róòmù kí wọ́n wá fi í joyè olú ọba. Póòpù Adrian Kẹrin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó ṣe Póòpù rí, lọ pàdé ẹ̀ nítòsí Sutri, ìlú kan tí ò jìnnà sí Róòmù. Adrian dé lórí ẹṣin, ó ń retí kí Frederick wá fa ìjánu, kó sì di irin tí wọ́n ń tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mú fóun, àmọ́ Frederick ò mira. Àwọn kádínàlì rí i, jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n fi Póòpù nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ (ẹ wo àwọn èèyàn yìí o). Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì ní láíláí, òun ò ní fẹnu ko Frederick lẹ́nu kíkí àlàáfíà. Wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ ìwé àtijọ́ wò, àwọn àgbà Jámánì jẹ́rìí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn látijọ́. Ni Frederick bá gbà, ó fa ẹṣin náà níwọ̀n ibi tí òkò lè dé, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ti Naples, ilẹ̀ ọba kan ní gúúsù Ítálì, ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹṣin jẹ́. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àjọ̀dún Peter àti Paul, ọba Naples gbọ́dọ̀ fi ẹṣin funfun kan ránṣẹ́ sí Póòpù pẹ̀lú owó, wọ́n sì ti kọ́ ẹṣin yẹn débi pé tó bá dé iwájú Póòpù á kúnlẹ̀. Ẹṣin tó ń kúnlẹ̀! Ó di 1788 kí ọba Naples tó ní òun ò ṣe mọ́.

Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ò tètè níyì lójú wọn. Lọ́dún 1564 Póòpù Pius Kẹrin ṣì ń bẹ àwọn kádínàlì pé kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fáwọn obìnrin, káwọn máa gun ẹṣin bí ọkùnrin. Wọn ò gbọ́, ó rọrùn ju gàárì lọ.

Àmọ́ kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ló di ẹ̀wọ̀n lóru July 5 mọ́jú July 6, ọdún 1809. Àwọn sójà Napoleon gbé àkàsọ̀ ti ògiri ààfin Póòpù, wọ́n wọlé mú Pius Keje, ọ̀gágun Radet sì ti í mọ́ inú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú Kádínàlì Pacca, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í látìta, nínú ooru yẹn. Nígbà táwọn méjèèjì tú àpò wò, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Nítòsí ìlú Poggibonsi ní Ítálì ni kẹ̀kẹ́ tún dojú dé, àwọn èèyàn ń ké, wọ́n sáré wá fa bàbá jáde.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Leo Kejìlá wá ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tó gbayì jù lọ fóun, tí góòlù bò, ẹṣin mẹ́fà ló ń fà á, ìtẹ́ wà nínú ẹ̀. Ó wà nínú mùsíọ́mù Vatican títí dòní. Pius Kẹsàn-án náà lò ó, àmọ́ nígbà táwọn sójà Ítálì gba Róòmù lọ́jọ́ 20 September 1870, Póòpù ò jáde mọ́, inú ọgbà Vatican ni kẹ̀kẹ́ ti ń yípo fún bí ọgọ́ta ọdún.

Ọdún 1929 ni Pius Kọkànlá bá Ítálì ṣàdéhùn, ilẹ̀kùn ṣí, mọ́tò sì dé. Mercedes tí wọ́n fún un lọ́dún 1930, ẹ yọjú sẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: ìjókòó kan ṣoṣo ló wà láàárín, wọ́n ṣe é bí ìtẹ́.