Bí Ẹ Bá Pàdé Onímọ̀ Pílánẹ́ẹ̀tì, Ẹ Bi Í Bí Ó Ṣe Mọ̀

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ni bóyá ohun abẹ̀mí wà níbòmíràn. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: a kò tíì rí ọ̀kankan. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì là yín lọ́yẹ̀ dáadáa, ẹ bi í pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ orí ilẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá kà á pé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan lórí Mars ti wà láti bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, ó yẹ kí ó yà yín lẹ́nu, nítorí kò tíì sí ọkọ̀ kankan tí ó lọ bu òkúta wá láti ibẹ̀. (Òkúta Mars wà lọ́wọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n fúnra wọn ni wọ́n já bọ́ sórí Ayé, a kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ojú ibi tí wọ́n ti ṣí kúrò.) Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ń ka kòtò. Òkúta ojú sánmà, ńlá àti kékeré, ń bọ́ lu ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Níbi tí kò sí ọ̀gbàrá tí yóò pa ojú kòtò bẹ́ẹ̀ rẹ́, ó lè wà níbẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ilẹ̀ àtijọ́ yóò wá kún fún kòtò, nígbà tí èyí tí òkè ayọnáyèéfín ṣẹ̀ṣẹ̀ da àpáta yíyọ́ bò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní.

Ṣùgbọ́n iye kòtò nìkan kò ju kí ó sọ èwo ni ẹ̀gbọ́n, èwo ni àbúrò. Kí a tó lè sọ ọ́ di iye ọdún, a nílò òkúta tí a mọ ibi tí a ti mú un. Òṣùpá ni ó fún wa ní ìyẹn. Láàárín 1969 sí 1972, àwọn arìnrìn-àjò Apollo, ètò tí Amẹ́ríkà fi rán ènìyàn lọ sí òṣùpá, kó kìlógíráàmù 382 òkúta àti eruku wálé láti ibi mẹ́fà. Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kan wà, bíi yurénìọ́mù, tí ń yí padà di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Bí a bá wọn iye èyí tí ó kù àti iye èyí tí ó ti yí padà, ọjọ́ orí òkúta náà yóò hàn. A wá fi ọjọ́ orí yìí wé iye kòtò tí ó wà ní ibi tí òkúta ti wá, ó sì di òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n náà ní àlàfo. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí Apollo kó wá ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún, nítorí náà ìméfò ni a fi ń dí àárín. Ní oṣù Kejìlá 2020, ọkọ̀ Chang'e 5 ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà gbé gíráàmù 1,731 wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí kòtò rẹ̀ kò pọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì. Lójú tèmi, ẹrù kékeré yẹn wúlò ju ọ̀pọ̀ àwòrán ẹlẹ́wà lọ.

Nígbà tí a bá gbé òṣùwọ̀n òṣùpá lọ sórí Mars, a ní láti tún un ṣe, torí pé Mars súnmọ́ agbo àwọn òkúta ojú sánmà jù, wọn kì í sì í lu àwọn méjèèjì bákan náà. Àtúnṣe yìí ni a máa ń jiyàn lé lórí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá pe bílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ bi í iye tí ó fi lè lé tàbí dín.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wa pẹ̀lú. "Ó bá omi mu" kì í ṣe "a rí omi." Ní ti Enceladus, òṣùpá Sátúrnì, ọkọ̀ Cassini gba inú èéfín omi tí ń tú jáde níbẹ̀ kọjá, ó sì wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀; ìyẹn dájú. Ní ti pílánẹ́ẹ̀tì Àgùàlà (Venus), àwọn kan kéde ní 2020 pé àwọn rí phosphine, gáàsì tí ó lè jẹ́ àmì ohun abẹ̀mí, nínú kùrukùru rẹ̀, àwọn mìíràn tún ìṣirò kan náà ṣe, àmì náà sì rẹ̀ sílẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan tún wà tí inú mi máa ń dùn sí: kí ni ó lè yí èrò yín padà? Ní ti ọjọ́ orí Mars, ìdáhùn tèmi ni àwọn ọ̀pá kéékèèké tí Perseverance, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ń rìn lórí ilẹ̀ Mars, ti ń kó òkúta sí láti 2021, nínú kòtò Jezero àti ní àyíká rẹ̀. A mọ ojú ibi tí ó ti gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n orí Mars ni gbogbo wọn ṣì wà.