Ihò Ojú Jìtá Kì Í Ṣe Ohun Tí Wọ́n Ń Dí

Ọ̀pá máíkì wó lu jìtá onígi. Níta, ihò tó dá sí i lè má fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dígí kékeré bọ ẹnu jìtá náà, tí wọ́n wo ibẹ̀ láti inú, ọ̀rọ̀ yí padà: ìrépé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fì dirodiro níbẹ̀, òmíràn gùn ju ìka lọ, ó kàn so mọ́ pákó ní ìdí bí èékánná tó ya tí kò já. Spruce ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú jìtá, igi ilẹ̀ olótùútù ni, wọ́n á sì fá a títí kò fi ní nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Gbọọrọ ni fọ́nrán rẹ̀ lọ, láti ìsàlẹ̀ jìtá dé ìdí ọrùn. Tí nǹkan bá gún un, kì í ṣẹ́ lójú ibi tí wọ́n ti gún un. Ńṣe ló máa ń ya lọ sókè sódò, bí ìgbà tí èèyàn bá la igi ìdáná.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn kan fi máa ń bí àwọn tó mọ iṣẹ́ nínú: "Po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, fi dí i, fá a, ó parí." Kò parí o. Lẹ́búlẹ́bú kò ní fọ́nrán. Gọ́ọ̀mù gan-an ni wọ́n fi dí ihò. Lẹ́búlẹ́bú kàn ń fún un láwọ̀ ni, àwọ̀ burúkú sì ni, torí tó bá gbẹ tán, á ṣú bí epo tó ta sí aṣọ funfun. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa ojú jìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi kílò 70, bí ẹni so àpò ìrẹsì ńlá kan mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tọ̀sán-tòru, tó tún fi kílò 20 lé e. Fọ́nrán tó lọ gbọọrọ ló ń ru ẹrù yẹn, pẹ̀lú àwọn igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó dì sójú kan ò lè bá wọn rù ú.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan abẹ. Ìrépé tó ń rọ̀ yẹn gan-an ni owó. Wọ́n á tú okùn sílẹ̀, wọ́n á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ojú ọgbẹ́ náà kí fọ́nrán lè rọ̀, wọ́n á wá fi ìka tì í padà láti inú, lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú sí àyè rẹ̀. Gọ́ọ̀mù gbígbóná á wọlé, ọ̀rá á bò ó, mágínẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, á fún un pọ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lẹ ègé spruce pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ọn láti inú, tí fọ́nrán tiwọn dábùú ti ojú jìtá, kó má baà tún ya níbẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibi tí igi ti sọ nù pátápátá, tó di pé wọ́n ní láti wá òmíràn lẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti di àrà. Spruce náà ni wọ́n á wá, ogbólógbòó tó bá ṣeé ṣe, nítorí funfun ni tuntun. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di yẹ́lò bí ọdún ti ń gorí ọdún. Wọ́n á ka ìlà ara rẹ̀: bí ìlà méje bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan lójú jìtá, méje náà gbọ́dọ̀ wà lára ìrépé tí wọ́n fẹ́ lẹ̀. Inú ìlà dúdú ni abẹ ń gbà, kí ojú ìsopọ̀ lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì á ṣe ṣóńṣó bí ọkọ̀ apẹja, torí ojú èèyàn tètè ń rí ohun tó bá gé ìlà kọjá ní ìbú.

Gbogbo èyí á bára mu. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́, á gún régé. Ẹni tó ni jìtá á gbé e lọ sídìí fèrèsé, á yí i díẹ̀, ìrépé náà á sì dúdú lójijì láàárín pákó tó ń dán. Á tún yí i, ìrépé á wá dán, ìyókù á ṣú.

Ẹni tó bá mọ àrán ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àrán nírun, irun náà sì dojú kọ ibì kan. Télọ̀ tó bá gé apá kan sókè, tó gé ìkejì sódò, lára aṣọ kan náà, lè má rí àṣìṣe rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó di ọjọ́ ìnáwó, tí iná fídíò bá tàn sí i, kí apá ọ̀tún tó dúdú ju apá òsì lọ. Ìyá ìyàwó á ní aṣọ méjì ni télọ̀ rà. Télọ̀ á búra. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ: aṣọ kan ni, àwọ̀ méjì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Fọ́nrán rẹ̀ kì í sùn gbalaja bá a ṣe rò. Ó máa ń dorí kodò díẹ̀ wọnú pákó, sí apá kan. Tí ìrépé bá dojú kọ òdìkejì, kò sí àwọ̀ tí wọ́n lè kùn ún tí àṣírí ò ní tú, torí àwọ̀ tó bá a mu láti ọ̀tún ni kò ní bá a mu láti òsì. Àrán ṣì ṣeé fọwọ́ pa. Igi kì í gbọ́. Nítorí náà, kí abẹ tó kan ìrépé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lé ojú jìtá lábẹ́ iná, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á wá fi pẹ́ńsùlù fa ọfà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn fún iṣẹ́ yìí, awọ ẹran ni wọ́n sè di gọ́ọ̀mù. Omi àti ooru lè tú u. Àwọn kan ka ìyẹn sí àléébù, wọ́n á lọ ra epoxy, gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà tí kì í tú bọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ló wà nínú èyí tó ń tú. Jìtá tó dáa lè pẹ́ láyé ju ẹni tó tún un ṣe lọ. Ẹlòmíràn á ṣì ṣí ibẹ̀, bóyá láti wá tún àṣìṣe ẹni àkọ́kọ́ ṣe. Epoxy ti ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún.

Kì í sì í ṣe gbogbo ihò ló nílò wàhálà yìí. Trigger, jìtá Martin N-20 tí Willie Nelson, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń ta láti 1969, ní ihò gbàgàdà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìka ni wọ́n ṣe é fún, kò ní ike tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀. Willie wá ń fi píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn, ta á, píìkì ń fá pákó náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lu. Mark Erlewine, tó ń tún un ṣe ní Austin ní Texas, kò dí i. Inú ló ti ń fún un lókun. Ihò tí nǹkan fá kì í ya fọ́nrán kọjá etí ara rẹ̀, okùn nylon tó wà lórí jìtá náà kò sì fà ju nǹkan bíi kílò 40 lọ.