Ọwọ́ ni kò mọ̀ ọ́n, àbí ọ̀nà ni kò tí ì yá? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí géèmù metroidvania

Ní Agbowó n'Ìbàdàn, tí mo ti ń tún pádì géèmù ṣe, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá nínú ilé géèmù. Ẹni tó sanwó wákàtí kan kò ní fẹ́ fi ìdajì rẹ̀ wá ọ̀nà kiri. Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé ló ń gbá metroidvania, ìyẹn àwọn géèmù tó tọ ipasẹ̀ Metroid àti Castlevania: ò ń fò, ò ń jà, inú ayé ńlá kan ṣoṣo lo wà, ibi tí o kò sì lè kọjá lónìí, wàá padà wá síbẹ̀ nígbà tí o bá ti rí agbára tuntun. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń kó ẹjọ́ wá bá mi.

Ẹ̀gbọ́n, mo rìn títí, ọ̀nà wá dí. Géèmù náà ò sọ nǹkan kan. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbá Super Mario Bros. ti 1985 ti mọ̀ pé apá ọ̀tún là ń forí lé. Ibi tó bá ti kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, o ò lè padà síbẹ̀ mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Nintendo gbé Metroid jáde. Tí o bá mú Samus, tó jẹ́ akọni ibẹ̀, lọ sápá ọ̀tún bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kò ní pẹ́ tí wàá fi dé ihò kóńkó kan tí kò lè wọ̀. Agbára tó máa fi ká ara jọ roboto kó lè yí wọ inú rẹ̀ wà lápá òsì, nítòsí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri fún ẹ. O ò kàn tí ì wo ẹ̀yìn ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kí n tẹra mọ́ ọn, àbí kí n yà síbòmíì?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí gbogbo èèyàn máa bi mí. Líle méjì ló wà nínú géèmù yìí. Ọ̀kan wà fún ọwọ́, èkejì wà fún ọ̀nà. Platformer lásán, ìyẹn géèmù fífò bíi Mario, ti ọwọ́ nìkan ló ní: ọ̀gbun wà níwájú ẹ, o mọ̀ ọ́n fò tàbí o ò mọ̀ ọ́n. Nínú metroidvania, ọ̀nà mẹ́ta mìíràn lè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ nígbà tí o ṣì ń forí gbá èyí tó wà níwájú.

Bó o ṣe ń kú ni kó o máa wò. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó o bá fò, ibì kan náà lo máa ń já sí, tó sì ku díẹ̀ kó o dé òkè, fi í sílẹ̀. Ó ń dúró de agbára tí o kò tí ì rí. Tí o bá lu ọ̀tá kan títí tí ara rẹ̀ ò mì rárá, fi òun náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé o lù ú díẹ̀, o kú, o tún padà wá, o lù ú ju ti àkọ́kọ́ lọ kó o tó kú, jókòó tì í. Ọwọ́ ẹ ti ń gbọ́n.

Hollow Knight, tí Team Cherry ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà gbé jáde ní 2017, kó méjèèjì pọ̀ síbi kan náà níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ọ̀tá àkọ́kọ́ níbẹ̀, False Knight, sanra, ó ń gbé òòlù ńlá kan sókè kó tó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Tí ojú ẹ bá wà lára òòlù yẹn, wàá mọ ìgbà tó yẹ kó o sá. Ọwọ́ lásán ni. Àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà Greenpath, kòkòrò kan wà tó kó ara rẹ̀ sínú ìkarahun, ó dí gbogbo ọ̀nà pa. Tí o bá ń fi ìṣó tó jẹ́ idà ọwọ́ ẹ lu ìkarahun yẹn, ilẹ̀ á ṣú bá ẹ níbẹ̀. Lọ bá bàbá ìgbín nísàlẹ̀, á fún ẹ ní ọfọ̀ tó o máa jù lù ú. Àwọn kan ti wá bá mi pé pádì wọn ò dáa, kòkòrò yìí ló sì fà á.

Ọ̀nà kẹta tún wà. Nínú Castlevania: Symphony of the Night ti 1997, bó o ṣe ń pa ọ̀tá lára ẹ ń le sí i, débi pé ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wúwo lè fi sùúrù kọjá. Àwọn tó ka ara wọn sí akin nídìí géèmù kì í fẹ́ràn ìyẹn. Èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti Super Metroid, 1994. Fífi ẹsẹ̀ ta ògiri láti gun òkè wà lára Samus láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹnì kankan ò sọ fún ẹ. Ó di ìgbà tó o bá já sínú kòtò kan kó o tó rí àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n ń ta ògiri gòkè, tí wọ́n ń fi hàn ẹ́. Tó o bá wá bẹ̀rẹ̀ géèmù náà lákọ̀tun, o ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ibi tó dí mọ́ ẹ nígbà àkọ́kọ́ ti ṣí, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi nǹkan kan kún agbára ẹ.

Kí ló dé tí wọn ò fún mi ní máàpù ní kíá?

Tó o bá wọ àárín àwọn agbo ilé Ọ̀jẹ́ nígbà àkọ́kọ́, fóònù ẹ á ní ọ̀nà ò sí níbẹ̀. Wàá béèrè lọ́wọ́ ìyá kan, ìyá á ní kó o gba ẹ̀yìn kànga, kó o já sí àgbàlá kejì. Nígbà tó o bá máa padà wá, o ò ní béèrè mọ́. Irú ìmọ̀ yẹn ni géèmù yìí ń wá. Nínú Hollow Knight, ayàwòrán-ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cornifer máa ń kọrin lábẹ́nú, ó ń já bébà sílẹ̀. Wàá tẹ̀lé bébà àti ohùn ẹ̀ títí wàá fi bá a. Máàpù tó máa tà fún ẹ ò pé. Ìyàwó ẹ̀ ló ń ta kálàmù tó o máa fi kún un, orí àga ìsinmi nìkan ló sì ti ń kún. Kó o tó lè rí ibi tó o wà lórí ẹ̀ pàápàá, wàá tún ra nǹkan mìíràn ní 220 owó ibẹ̀. Ti kọ́ḿpáàsì yẹn ti pọ̀ jù lójú tèmi.

Prince of Persia: The Lost Crown ti 2024 ṣàánú èèyàn: tó o bá dé ibi tó dí, wàá ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ orí máàpù, kó o má bàa gbàgbé. Nínú àwọn yòókù, ra ìwé eléwé ogójì kan.

Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kú, ṣé ó yẹ kí wọ́n gba owó mi?

Nínú Hollow Knight, òjìji ẹ ló gbé owó náà dúró síbi tó o kú sí. Tó o bá pa á, o gba owó ẹ; tó o bá tún kú kó o tó dé ibẹ̀, owó ti lọ. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ìrìn láti orí àga ìsinmi tó o máa jí sí padà sọ́dọ̀ ọ̀tá ló ń bí mi nínú, pàápàá tí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì ti kú: orí àga náà lo tún máa jí sí. Nígbà tí Silksong, àbúrò Hollow Knight, jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025, ariwo pọ̀ pé ó le, Team Cherry náà sì dín líle àwọn ọ̀gá ọ̀tá méjì kan níbẹ̀rẹ̀ kù díẹ̀.

Bùrọ̀dá, ọmọ mi ń sunkún nídìí géèmù òkè gígùn kan. Ṣé kò le jù fún ọmọdé?

Mọ́mì, Celeste nìyẹn, 2018. Ẹ jẹ́ kó ṣí Assist Mode. Ó lè dín eré ìsáré géèmù náà kù títí dé ìdajì, ó sì lè ṣe é kí nǹkan kan má lè pa á. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ló fi í síbẹ̀. Tó bá sì kú, inú yàrá yẹn náà ló máa jí sí lójú ẹsẹ̀, kò ní rìn padà.

Ó dá mi lójú pé mo tẹ bọ́tìnnì, kò sì fò.

Gbé pádì ẹ lé orí tábìlì, má fọwọ́ kàn án. Tí akọni bá ń rìn fúnra ẹ̀, ọ̀pá atọ́nà ti jẹ, bọ́ọ̀lù ló sì jẹ ẹ́. Tí kò bá rìn, rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì X tó o fi ń fò ni. Ìyẹn ò wọ́n, gbé e wá.